Òdòdó ten o'clock mi ò tanná mọ́, ìdí ẹ̀ tún ti ń jẹrà, ẹ gbà mí o!

MamaTiwa_Akóbọ̀ (14 oṣù kẹfà)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi, ẹ kú òjò. Ọ̀rọ̀ òdòdó ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mọ èyí tó máa ń rá lórí ilẹ̀ yẹn, tí ewé ẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ tó sanra, tí òdòdó ẹ̀ máa ń pupa, yẹ́lò, funfun, píǹkì, ọsàn, tí kì í ṣí àfi tí oòrùn bá ti mú. Àwọn kan ń pè é ní moss rose, ẹni tó tà á fún mi ní ten o'clock lorúkọ ẹ̀. Ọ̀rá dúdú méjìlá ni mo rà lẹ́bàá títì nínú oṣù kejì, mo gbìn ín sí iwájú ilé láàrin géètì àti fáráńdà, ibẹ̀ ni mi ò jẹ́ kí wọ́n fi íńtálọ́ọ̀kì bò.

Háà, láti oṣù kẹta sí ìkẹrin, ẹ ò bá wá wò ó! Ó bo gbogbo ilẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń kọjá ń dúró ya fọ́tò. Inú mi dùn, mo ní ó yẹ kí n túbọ̀ tọ́jú ẹ̀, mò ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, mo da àpò ìgbẹ́ adìẹ kan àbọ̀ sí i. Nígbà tó máa fi di ìparí oṣù karùn-ún, ewé ń pọ̀, òdòdó ò sí. Ní báyìí ìdí ẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀, tí mo bá fọwọ́ kàn án báyìí á já sí mi lọ́wọ́. Èyí tó wà lábẹ́ igi máńgòrò ní tiẹ̀, kò tilẹ̀ tanná rí látọjọ́ tí mo ti gbìn ín. Kí ni mo ṣe fún un?

Ọmọ_Àgbẹ̀

Mọ̀mí, ẹ ti kẹ́ ẹ bà jẹ́ ni 😂😂 omi láàárọ̀ lálẹ́ kẹ̀, ṣé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni

Dẹ́lẹ̀_Oníntálọ́ọ̀kì

Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé íńtálọ́ọ̀kì ò ní jẹrà láé. Ìbàdàn ni mo wà mọ́mì, ẹ kàn pè mí, ọjọ́ méjì la máa fi parí ẹ̀.

Ọmọ_Àgbẹ̀

Bọ̀dá Dẹ́lẹ̀, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ ilẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ ti polówó ni?

BabaOlóko

Ẹ kú ọrọ̀ ajé, Mama Tiwa. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba, òdòdó yìí sì wà nílé mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo ewé ẹ̀ dáadáa, ẹ fi èékánná fún un. Omi ló kún inú ẹ̀. Ewé yẹn àti igi ẹ̀ tó rọ̀ yẹn ni kẹ́ẹ̀gì tó ń pọn omi sí de ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tó ti ní omi nílé, tí ẹ tún wá ń da omi lé lórí láàárọ̀ lálẹ́, ibo ló máa gbé e sí? Gbòǹgbò ẹ̀ kéré, kò lọ jìnnà, ó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa dé òun nísàlẹ̀. Tí omi bá dúró sídìí ẹ̀, gbòǹgbò yẹn á rà, ìdí á dúdú, á wá máa rọ̀ lọ sókè. Ohun tí ẹ ń rí nìyẹn. Ìyẹn ò sì ní ẹ̀mí òkùnkùn nínú o, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan máa tó sọ pé àdúgbò ló ń ṣe yín ní ìlara.

Ti pé kò tanná, ìgbẹ́ adìẹ ni. Ìgbẹ́ adìẹ lágbára, náítírójìn ló pọ̀ nínú ẹ̀, ewé ni ìyẹn sì máa ń tì jáde. Ohun ọ̀gbìn tí wọ́n bá bọ́ yó báyìí kì í rántí òdòdó, ewé lásán ni á máa yọ. Ilẹ̀ tí ò lọ́ràá púpọ̀ ni òdòdó yìí fẹ́, ilẹ̀ oníyanrìn tí ẹ ò lè gbin àgbàdo sí kó yè. Èyí tó wà lábẹ́ máńgòrò, ẹ má da ara yín láàmú lórí ẹ̀. Bó ti wù kó rí, ó gbọ́dọ̀ rí oòrùn tààrà bíi wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, tó bá tó mẹ́jọ ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ gbin nǹkan míì síbẹ̀.

Ìbéèrè tèmi: iyẹ̀pẹ̀ iwájú ilé yín, ṣé amọ̀ ni àbí yanrìn? Tí òjò bá rọ̀ tán, wákàtí mélòó ni omi máa ń dúró níbẹ̀?

MamaTiwa_Akóbọ̀

Baba ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Amọ̀ pupa ni sà, tí òjò bá rọ̀ lónìí omi ṣì máa ń wà níbẹ̀ títí di ọ̀la. Mo wá rántí pé omi AC pálọ̀ náà ń kán síbẹ̀ 🤦🏾‍♀️

Ọmọ_Àgbẹ̀

Omi AC!!! Mọ̀mí 😭

BabaOlóko

Ọ̀rọ̀ tán. Nǹkan tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ kọ ebè. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi iṣu sínú àbàtà, a máa ń gbé ilẹ̀ sókè ni kí omi lè ṣàn kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni òdòdó yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ́ gbé iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ sókè bí ìgbọ̀nwọ́ kan, kí wọ́n po ṣáàpù sáàǹdì mọ́ ọn, ìdajì ìdajì, kì í ṣe yanrìn kíkúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé o, ìyẹn máa ń dì mọ́ amọ̀ ni. Tí ẹ bá rí òkúta wẹ́wẹ́ ẹ dà á sísàlẹ̀. Kí ó dà gẹ̀rẹ́ sí apá ibi tí gọ́tà wà. Kí ẹ sì gbé páìpù AC yẹn síbòmíì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ìgbẹ́ adìẹ tó wà nílẹ̀, ẹ kó èyí tí ẹ bá lè kó. Òjò á fọ ìyókù.

ÌyáGbúre

Ẹ̀yin lẹ̀ ń dààmú. Ṣebí pápásán náà nìyẹn? Àwa ń já a jẹ nílé wa, wọ́n ń pè é ní ṣẹ́gunṣẹ́tẹ̀ náà. Ẹ já a, ẹ fi se ọbẹ̀, ẹ gbin òmíràn.

Tísà_Báyọ́

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró díẹ̀. Wọ́n jọ jẹ́ ẹbí ni, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Pápásán lorúkọ sáyẹ́ǹsì ẹ̀ ń jẹ́ Portulaca oleracea, ewé tiẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, orí ẹ̀ rí roboto bí ṣíbí kékeré, òdòdó ẹ̀ kéré gan-an, yẹ́lò nìkan ni. Ti Mama Tiwa ni Portulaca grandiflora, ewé ẹ̀ gùn tín-ín-rín, òdòdó ẹ̀ sì tóbi, ìtumọ̀ grandiflora gan-an nìyẹn, olódòdó ńlá. Kódà gbúre tí ẹ fi ń jẹ́ orúkọ yẹn, inú ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ kó o sí kí wọ́n tó yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ẹ rí i pé ẹ ò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n pápásán ni oúnjẹ, èyí ni ọ̀ṣọ́. Oxalate, irú kẹ́míkà kan, wà nínú wọn, ajá àti ológbò tó bá jẹ ẹ́ lájẹjù lè ṣàìsàn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù tiẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ewéko kan wà tó máa ń rá nílẹ̀ pẹ̀lú pápásán, tí wọ́n jọra lójú ẹni tí ò fara balẹ̀. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ tí oje funfun bíi wàrà bá jáde, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ fọwọ́ yín. Pápásán kò ní oje funfun, omi lásán ló ní.

ÌyáGbúre

Ó dáa tísà, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ pápásán o, mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ ẹ́.

FúnmiHouston

Mo kàn rí orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ní kí n yà. Moss rose là ń pè é ní ọ̀dọ̀ wa ní Texas, tí oòrùn bá mú débi pé gbogbo koríko ìta gbẹ, òun nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín. Tí òtútù dídì bá dé báyìí nínú December àbí January, òru kan péré, gbogbo ẹ̀ á ti rọ dúdú. Ọdún àkọ́kọ́ mo sunkún, mo rò pé ó parí. Nígbà tó wá di April mo rí i tó ń hù fúnra ẹ̀ láàrin òkúta, irúgbìn tó ti ta sílẹ̀ láì sọ fún mi. Ẹ̀yin ará ilé ẹ ń jẹ ìgbádùn o, ẹ ò ní òtútù kankan tó máa pa á, omi lẹ ní kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún.

Àyọ̀ká_Peckham

Fúnmi ìwọ tiẹ̀ ní oòrùn. Mo gbin tèmi sí báńkónì, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, July odidi, òdòdó tí mo rí ò pé ogún. Ó yọ ìrudi o, ó kàn ń pa ojú dé ni bí ẹni tó ń ṣàìsàn, torí ìkùukùu. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ṣèèṣì yọ, ibi iṣẹ́ ni mo wà, kí n tó délé ó ti pa dé. Àwọn aládùúgbò mi ló ń gbádùn ẹ̀.

Ọmọ_Àgbẹ̀

Àǹtí Àyọ̀ká ẹ ti fún mi lẹ́rìn-ín 😂 ẹni tó gbin òdòdó tí ò rí i rí

Tísà_Báyọ́

Bó ṣe rí nìyẹn. Òdòdó kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kan péré ni tiẹ̀: oòrùn là, ó ṣí, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó kú, òmíràn á ṣí lọ́jọ́ kejì. Tó bá di ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, kò ní ṣí rárá tàbí kó ṣí ìdajì. Ibi tí orúkọ aago ẹ̀ ti wá nìyẹn, ní ilẹ̀ Brazil onze-horas ni wọ́n ń pè é, aago mọ́kànlá ni ìyẹn. Apá ọ̀hún náà ló sì ti wá, gúúsù Brazil, Uruguay, Argentina, ilẹ̀ gbígbẹ oníyanrìn. William Hooker, onímọ̀ ewéko kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fún un lórúkọ Portulaca grandiflora lọ́dún 1829. Àwọ̀ pupa àti píǹkì tó ní yẹn, irú àwọ̀ tó wà nínú beetroot ni, kì í ṣe irú tó wà nínú zobo.

Kí n fi eré kún un: tí òdòdó bá ti ṣí dáadáa, ẹ mú koríko tín-ín-rín kan kí ẹ fi kan àwọn okùn yẹ́lò kéékèèké tó wà láàrin ẹ̀. Wọ́n á rọra tẹ̀ sí apá ibi tí ẹ ti fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ mọ patanmọ́ tó ń ká ewé ẹ̀, ó jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í fẹ́ kúrò nídìí ẹ̀. Nígbà tí oyin bá bà lé e, àwọn okùn yẹn á lè fi ìyẹ̀ (lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó) kùn ún lára.

MamaTiwa_Akóbọ̀ (15 oṣù kẹfà)

Tísà ẹ ṣé o, Tiwa ti ń fi igi ìṣáná tẹ òdòdó kan ṣoṣo tó kù 😂. Ọkùnrin kan ti bá mi gbé páìpù AC. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé kí n fa gbogbo èyí tó ń jẹrà dà nù, kí n tún lọ rà míì? Ìdíyelé tí wọ́n sọ fún mi ní àná kò ṣeé gbọ́ sétí.

BabaOlóko

Ẹ má ra nǹkankan. Lára èyí tó ń jẹrà náà la ti máa mú irúgbìn. Orí ẹ̀ ṣì tutù, àbí? Ẹ gé orí ẹ̀, níbi tó ti mọ́ tó sì le, bí ìka ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín ṣe gùn tó. Tí ẹ bá gé e tí ẹ rí àwọ̀ dúdú láàrin igi ẹ̀, ẹ tún gé e sókè sí i, títí ẹ ó fi rí funfun nìkan. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò. Ẹ wá tẹ́ wọn sórí bébà lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ kan kí ojú ọgbẹ́ yẹn gbẹ, èyí ni àwọn èèyàn máa ń fò. Wọ́n á gé e, wọ́n á gún un bọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àrùn á gba ojú ọgbẹ́ wọlé.

Lọ́jọ́ kejì ẹ gún un sínú yanrìn tó rin díẹ̀, nínú ike tí ẹ ti lu ihò sídìí ẹ̀. Ihò o, mo tún un sọ. Ẹ gbé e síbi tí òjò ò ti ní rọ̀ sí i lórí, ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, á ta gbòǹgbò. Tí ẹ bá rọra fà á tó kọ̀, ó ti dì mú ilẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó ti jẹrà, ẹ fà á, ẹ sọ ọ́ jìnnà, ẹ má kó o sórí ebè tuntun.

Ọmọ_Àgbẹ̀

Baba, irúgbìn ńkọ́? Mo rí àwọn tó ń tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ra páákẹ́ẹ̀tì kan, mo bo iyẹ̀pẹ̀ lé e, ọ̀kan ò hù.

BabaOlóko

Nítorí o bò ó ni. Irúgbìn yẹn kéré bí aṣáà, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Po ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó má baà ṣù jọ sójú kan, fọ́n ọn sórí iyẹ̀pẹ̀ tó ti rin, fi pátákó rọra tẹ̀ ẹ́, ó parí. Fífọ́n omi ni o, má da omi sí i, á ṣàn lọ síbi kan. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Tó bá hù tán, fà á sọ́tọ̀ kí àlàfo bí ìka ọwọ́ mẹ́wàá wà láàrin wọn, bí ó bá ti sún mọ́ra jù òòrùn ò ní dé ìdí ẹ̀.

Tísà_Báyọ́

Tí ẹ bá fẹ́ kó irúgbìn fúnra yín, ẹ ṣọ́ ibi tí òdòdó ti kú. Ìkòkò kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, ó ní ọmọrí. Tó bá gbó, ọmọrí yẹn á ṣí fúnra ẹ̀, irúgbìn aláwọ̀ eérú á sì dà sílẹ̀. Àwọn kan ní inú ọmọrí yẹn ni orúkọ Portulaca ti jáde, pé ilẹ̀kùn kékeré ni ìtumọ̀ ẹ̀ ní èdè Látìn. Ẹ gbé bébà sábẹ́ ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n èyí tí òdòdó ẹ̀ ní ìpele púpọ̀ bíi róòsì, irúgbìn ẹ̀ kì í pọ̀, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló sì máa jọ ìyá. Ìyẹn, gígé ló dáa jù.

ÌyáGbúre

Mo ní èyí tó ní ìpele, píǹkì. Kòkòrò funfun kan bíi òwú wà ní kọ̀rọ̀ ewé ẹ̀, kí ni mo lè fi sí i?

FúnmiHouston

Mealybug nìyẹn mà. Ọṣẹ olómi tí ẹ fi ń fọ abọ́, díẹ̀ péré sínú omi, ẹ fi òwú nù ún kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe nígbà tí oòrùn bá wà lórí ẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, torí ẹyin ẹ̀ á tún pa. Kí ẹ sì gbé e jìnnà sí àwọn tó kù.

MamaTiwa_Akóbọ̀ (9 oṣù kẹjọ)

Mo padà wá o! Mo gé orí mẹ́tàlélógójì, mẹ́fà kú (àwọn tí Tiwa bomi rin nígbà tí mo lọ ọjà, ó ní òùngbẹ ń gbẹ wọ́n). Ìyókù ti wà lórí ebè. Òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn sì ń yọ. Lónìí, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ka mọ́kànlá, pupa méje, yẹ́lò mẹ́rin. Mo dúró níbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná.

BabaOlóko

Ẹ kú oríire. Ẹ má tíì fún un ní oúnjẹ kankan o.

MamaTiwa_Akóbọ̀

Rárá sà, mo ti gbé ìgbẹ́ adìẹ fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́.

Àyọ̀ká_Peckham

Mọ̀mí ẹ fi fọ́tò sí i kí àwa náà lè rí èyí tó ṣí 😩

MamaTiwa_Akóbọ̀ (22 oṣù kọkànlá)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọyẹ́ ti fẹ́ dé, gbogbo koríko àdúgbò ti ń pọ́n, tèmi ti bo ebè tán, ó ti ń rá bọ̀ sórí íńtálọ́ọ̀kì aládùúgbò. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ni mò ń bomi rin ín, tí mo bá fi ìka tilẹ̀ tó gbẹ dé oríkèé kejì. Oyin pọ̀ níbẹ̀ débi pé àlejò ò fẹ́ gba ọ̀nà yẹn wọlé mọ́. Ìṣòro kan ló kù: àwọn tó kọ́kọ́ hù ti gùn lọ gbọọrọ, àárín wọn pá, orí nìkan ló ní òdòdó. Àti ewúrẹ́ Alhaja ọ̀kánkán, ṣùgbọ́n ìyẹn a ti parí ẹ̀ láàrin ara wa.

BabaOlóko

Ẹ gé e sí ìdajì, ẹ má ṣàánú ẹ̀. Á yọ ẹ̀ka tuntun láti ìdí. Ẹ gún èyí tí ẹ gé náà sí àárín tó pá. Kì í pẹ́ kó tó darúgbó, gígé yìí la fi ń sọ ọ́ dọ̀tun.

Dẹ́lẹ̀_Oníntálọ́ọ̀kì

Ẹ kú ilé mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí ti ìjọsí. Kọ́sítọ́mà mi kan ní Àkàlà rí fọ́tò tí ẹ fi síbí, ó ní irú ẹ̀ lòun fẹ́ kí n fi sí àlàfo àárín íńtálọ́ọ̀kì òun, òun ò fẹ́ koríko. Èyí tí ẹ fẹ́ gé yẹn, ẹ má dà á nù, mo lè wá gbà á ní Sátidé, mo máa san owó.

MamaTiwa_Akóbọ̀

Haa Dẹ́lẹ̀! Máa bọ̀ jàre, mi ò gbowó. Mú ike tó níhò wá.

Dẹ́lẹ̀_Oníntálọ́ọ̀kì

Ẹ ṣé mọ́mì, ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti sọ fún wọn kí wọ́n ra ọ̀pá omi tuntun sílẹ̀, ṣé àárọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n á máa bomi rin ín?

Ọmọ_Àgbẹ̀

DẸ́LẸ̀!!!